Ohun Tí Morónkẹ́ Kà Lórí Ìlà Márùn-ún

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Morónkẹ́ fi ta jìtá nínú ìjọ wa kó tó mọ nóòtì kan ṣoṣo lójú ìwé. Etí ló fi ń gbọ́, ọwọ́ ló fi ń dáhùn. Bí alàgbà kan bá ṣàdédé dá orin sílẹ̀ láàárín ìwàásù, kó tó dé ìlà kejì, Morónkẹ́ ti bá a níbẹ̀, ibi yòówù kó gbé ohùn gbà. Télọ̀ ni. Sùtánà ló ń rán, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìjẹ̀gun ní Ìkọ̀tún, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń wọ aṣọ funfun lágbègbè wa tí kò tíì dúró níwájú rẹ̀ kó wọn èjìká rẹ̀ rí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, Olúrẹ̀mí, ohùn áátò ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Ọwọ́ mi kò mọ́ tán nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a bá débẹ̀, màá sọ ọ́.

Àbúrò bàbá Morónkẹ́ kan tó ń gbé ní Ìpàjà ló fi jìtá náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kó padà sílé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó jókòó tì í títí ó fi yé e. Nígbà tó fẹ́ Babárìndé, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kan ní Dópẹ́mú, àwọn obìnrin ìjọ máa ń sọ pé Ọlọ́run fún un ní ọkọ tó mọyì ẹ̀bùn, torí Babárìndé fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé jìtá ìyàwó rẹ̀ wá sílé àdúrà lọ́jọ́ ìsinmi, òun náà ló sì máa ń gbé e padà. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Olúwatósìn. Nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárín ìgbà yẹn ni Morónkẹ́ ṣe orin kan. Ìdí máṣíìnì ló ti ṣe é, ó ń rán sùtánà, ọmọ sùn sórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ tó ń bá mi ṣọ́ ọmọ, má jẹ́ kó rẹ̀ Ọ́," bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orin kúkúrú ni, ìlà mẹ́rin péré. Ní ìparí ìlà kẹta, ohùn máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ibẹ̀ lòun máa ń dá ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró láti yí ọrùn aṣọ, orin náà sì kọ́ láti dúró de òun.

Bọ̀dá Stephen ni ọ̀gá akọrin wa. Inú ìjọ Áńgílíkà ló dàgbà sí kó tó wọ aṣọ funfun, ibẹ̀ ló ti kọ́ orin kíkà. Sólúfà ni àwa yòókù ń kà, do re mi tí wọ́n máa ń kọ sójú pátákó. Òun nìkan ló mọ èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìlà márùn-ún. Ó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù Morónkẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, á ní kó ta èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún òun, á sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Kí orin má baà sọnù ni, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á tẹ̀ wọ́n jáde, orúkọ Morónkẹ́ á sì wà lábẹ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ló fi ń wá bẹ́ẹ̀. Inú Morónkẹ́ máa ń dùn bí Ọjọ́rú bá ti ń súnmọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jókòó gbọ́ orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé ìsìn ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Morónkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó ń kọ yẹn. Nígbà kẹta, Bọ̀dá Stephen pa ìwé rẹ̀ dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Tósìn," ó ní, "ẹni tí Ọlọ́run fún ní etí, kí ló fẹ́ fi ojú wá kiri? Ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, etí rẹ á kú."

Morónkẹ́ gbà á gbọ́. Ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn bí ẹni ń gba ènìyàn nímọ̀ràn.

Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kẹ́mi gba yàrá nínú ọgbà ilé tí wọ́n ń gbé. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin nílé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdímù, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ń sá aṣọ nígbà tó gbọ́ jìtá láti ojú fèrèsé. Ó gbé abọ́ aṣọ sílẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí Morónkẹ́, ó sì bèèrè ẹni tó kọ́ wọn. Nígbà tó gbọ́ pé kò sí, ó ní bí wọn ò bá bínú, òun á fẹ́ kọ́ wọn ní kíkà. Morónkẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Stephen fún un, pé etí òun á kú.

Kẹ́mi rò ó díẹ̀. "Àǹtí," ó ní, "nígbà tí ẹ kọ́ Bíbélì kíkà, ṣé ẹnu yín kú?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìwé kò tẹ́ Morónkẹ́ lọ́rùn lákọ̀ọ́kọ́, ìlà rẹ̀ kéré jù fún ojú rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ dúdú kan sórí tábìlì ìgéṣọ, ó mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀, ó fa ìlà márùn-ún gbọọrọ tó fẹ̀ síra wọn, Kẹ́mi sì ń to nóòtì sí i. Okùn mẹ́fà jìtá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láì tíì fi ìka tẹ nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni okùn tó nípọn jù ń gbé. Kódà ìlà márùn-ún náà kò gbà á, àfi kí wọ́n fa ìlà kéékèèké mẹ́ta mìíràn sábẹ́ kó tó rí ibi rọ̀ mọ́. Okùn kẹta wà lórí ìlà kejì, okùn kejì wà lórí ìlà àárín. Ó há ìwọ̀nyẹn sórí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó mú un bínú ni pé ohùn kan ṣoṣo lè ní ilé méjì tàbí mẹ́ta lára jìtá. Ohùn okùn kejì tí a kò tẹ̀, òun náà ló wà lórí okùn kẹta bí a bá tẹ̀ ẹ́ nídìí irin kẹrin tó dábùú ọrùn jìtá, àmì kan náà ni wọ́n sì fi ń kọ méjèèjì. Kẹ́mi ní dùùrù kò ní wàhálà yìí. Ó ní kí wọ́n máa wo ibi tí ọwọ́ ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, kí wọ́n tó yan ilé.

Ọwọ́ tí kì í ṣìnà wá di ọwọ́ tó ń ṣìnà. Nígbà mìíràn Morónkẹ́ á jókòó fún wákàtí kan ti ìlà orin tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ, á sì ta á bí ẹni tí kò mú jìtá rí. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan. Babárìndé bi í pé ṣé ó pọn dandan ni, pé kí ló dé tí ẹni tó ti mọ nǹkan tún ń padà lọ kọ́ ọ. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ó bu omi wá fún un pẹ̀lú.

Ìwọ̀n àkókò ló kọ́kọ́ yé e dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ máṣíìnì. Nóòtì dúdú tó ní ọ̀pá, ìtẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Funfun tó ní ọ̀pá, méjì. Funfun tí kò ní ọ̀pá, mẹ́rin. Á yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lásán, á sì máa fi ẹnu kà á. Lọ́jọ́ tí Kẹ́mi fi hàn án pé ìdákẹ́ náà ní àmì tirẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Nígbà ìdánrawò akọrin ló wá sọ ọ́ fún mi, bí ẹni tó rí nǹkan iyebíye he.

"Rẹ̀mí, wọ́n ń kọ ìdákẹ́ sílẹ̀ o," ó ní. "Bí o kò bá sọ nǹkan kan, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò sọ ọ́."

Oṣù keje tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Kẹ́mi mú ìwé kan bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Orin ìkórè méjìlá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Morónkẹ́ kò wo ẹ̀yìn ìwé náà. Kẹ́mi ṣí i sí orin keje nítorí pé kò le, ó sì fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀ kí ojú má baà lọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n ta á bí wọ́n bá ṣe rí i.

Morónkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìlà kìíní parí, kò tíì gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì í rí ọ̀nà. Ní ìlà kejì, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju ojú rẹ̀ lọ, Kẹ́mi sì yìn ín. Ní ìparí ìlà kẹta, àmì ìdákẹ́ kan wà níbẹ̀, ìtẹ̀ kan gbáko. Morónkẹ́ dúró. Kò ta ìlà kẹrin. Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó sì fi ẹnu kọ ìlà náà jáde, ní Yorùbá.

Kẹ́mi wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Morónkẹ́ pa ìwé náà dé, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ Bọ̀dá Stephen ló wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, pé òun ló ṣe orin méjèèjìlá. Kò sí orúkọ mìíràn. Wọ́n jókòó ti ìwé náà títí di ìrọ̀lẹ́, Morónkẹ́ ń tà á, Kẹ́mi ń ṣí i. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló jẹ́ tirẹ̀. Ó ní ọ̀kan wà nínú wọn tí òun ti gbàgbé pé òun ṣe é, pé ìwé olè ló rán òun létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi níbí. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, Bọ̀dá Stephen mú àwa márùn-ún nínú akọrin lọ sí Ìpàjà, pé kí a lọ gba ohùn orin tuntun sílẹ̀ fún òun. Ó pín ìwé sólúfà fún wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò pe Morónkẹ́. Nígbà tí a dé orin keje, ara fu mí. Mo wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà wò mí, a sì ń kọrin wa lọ. Mo sọ fún ara mi pé bóyá Bọ̀dá Stephen àti Morónkẹ́ ti jọ sọ ọ́. Orí àga kan náà lèmi àti Morónkẹ́ máa ń jókòó sí lọ́jọ́ ìsinmi. Mi ò bi í.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé ọjọ́ tí Morónkẹ́ rí ìwé náà, Bọ̀dá Stephen wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Morónkẹ́ kí i, ó fún un lómi mu. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, ó fi ìka sórí àmì ìdákẹ́, ó sì bi í pé kí ló dé tó fi wà níbẹ̀. Bọ̀dá Stephen ní bí orin náà ṣe bà lé òun lọ́kàn nìyẹn. Morónkẹ́ jókòó sídìí máṣíìnì, ó mú sùtánà tó wà nílẹ̀, ó rán an dé ọrùn, ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó yí i.

"Ibi tí mo ti ń yí ọrùn aṣọ nìyí," ó ní. "Ta ni ẹ̀yin ń rán aṣọ fún, Bọ̀dá Stephen?"

Ọkùnrin náà kò sẹ́. Ó ní orin tí wọn ò kọ sílẹ̀ kò tíì di orin, pé òun ló fún un ní egungun, òun ló fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́ sí i, pé bí kì í bá ṣe tòun, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n kọjá Ìkọ̀tún. Morónkẹ́ bi í pé ṣé ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ kí òun mọ̀ ọ́n kà. Bọ̀dá Stephen dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ èyí tó burú jù.

"Mi ò kàn ṣàdédé ṣe é," ó ní. "Mo gba àṣẹ. Bàbá Tósìn ló fún mi."

Morónkẹ́ sọ fún mi pé òun gbàdúrà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kó jẹ́ irọ́ ni. Babárìndé dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Morónkẹ́ bi í tààrà. Kí ọkọ rẹ̀ tó la ẹnu, ó ti rí èsì lójú rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún méjì, Babárìndé ní. Bọ̀dá Stephen wá bá òun níbi iṣẹ́ ní Dópẹ́mú, ó ní òun fẹ́ lo díẹ̀ nínú orin Ìyá Tósìn, pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, pé orúkọ obìnrin lórí ìwé á kàn fa ìbéèrè. Ó gbé ìwé kan síwájú òun, òun sì fọwọ́ sí i. Morónkẹ́ bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ó ní. "Mo rò ó pé bí orúkọ rẹ bá jáde, wọ́n á máa pè ọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí o ò fi ní ráyè tiwa mọ́. Mo fẹ́ kó wà nínú ilé."

"Ẹ̀yin lẹ ń bá mi gbé jìtá náà," ni Morónkẹ́ dáhùn. "Gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ń gbé e, ẹ sì mọ̀."

Morónkẹ́ mú ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Stephen dé ọ̀dọ̀ àwọn alàgbà. Ìyá Ìjọ pe gbogbo akọrin jọ lẹ́yìn ìsìn. Morónkẹ́ ta orin mẹ́ta láìwo nǹkan kan, Kẹ́mi jókòó lọ́tọ̀ ó ń kà á láti inú ìwé, gbogbo wa sì gbọ́ pé ọ̀kan náà ni. Ìyá Ìjọ mi orí. Wọ́n ní orin Ọlọ́run kì í ṣe ti ẹnì kan, ẹni tí Ẹ̀mí bá bà lé ló ń gbé e. Wọ́n ní kí wọ́n dárí ji ara wọn, pé ìkórè ti súnmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè bóyá ẹnì kankan nínú akọrin mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà. Morónkẹ́ bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Kò mọ̀ nípa Ìpàjà. Mo wo ẹsẹ̀ mi lásán nílẹ̀. Àwa márààrún la wo ẹsẹ̀ wa.

Oṣù kan gbáko kọjá kí n tó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ jẹ́wọ́. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní òun ti gbọ́, pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yòókù ti wá ṣáájú mi.

"Ìwọ ni mò ń retí," ó ní. "Mo ní màá fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo tún fún ọ ní òmíràn."

Kò lé mi jáde. Kò sì sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì bi í di òní.

Bọ̀dá Stephen ṣì ni ọ̀gá akọrin. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ó sì kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Arábìnrin Morónkẹ́ tó bá òun ta jìtá. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Morónkẹ́ dá a padà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Kò ta jìtá nínú ìjọ mọ́. Àárín àwọn obìnrin ló ń jókòó sí báyìí, ó ń kọrin bí gbogbo ènìyàn, dùùrù sì ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀. Nílé, ó ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti pé mẹ́rìndínlógún, orúkọ àti ọjọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kẹ́mi ta ọ̀kan nínú wọn níwájú àwọn òbí wọn ní Ìdímù. Morónkẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan tí kò mọ̀ rí ló wo ìwé tó sì tà á bó ṣe wà, láìṣìnà. Ó ní inú òun dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n jálẹ̀jálẹ̀ ni òun ń wo àwọn tó jókòó, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń kọ nǹkan sínú ìwé.

Ó ṣì ń bá Babárìndé gbé. Wọn kì í jà. Ó ń se oúnjẹ, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Tósìn àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àti iná tí kò sí. Tí ó bá gbé ìwé orin jáde, ọkọ rẹ̀ á jáde síta. Lóṣù tó kọjá, kò jáde. Ó fa àga wá, ó wo ojú ìwé náà pẹ́, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó kọ́ òun, kí òun lè máa mọ ohun tó ń kọ. Morónkẹ́ ní òun wo ojú rẹ̀, òun rí i pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun òun jù.

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí ná," ló sọ fún un.

Ó ti parí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò tíì pè é.